Ìwádìí Ilé Jẹ́ngíìsì

Aláàdì, 25 Jánúárì

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì mi lónìí, ó fi ẹsẹ̀ gbá tábìlì, tíì mi dànù. Yusrah ló kọ́ ọ ní dídọ̀bálẹ̀, kò kọ́ ọ ní dídìde. Ó wà nílẹ̀ títí mo fi pariwo pé, "Dìde, jàre, kí òtútù má mú ọ."

Gánbóòdù lorúkọ rẹ̀, Mọ́ngólíà ló ti wá. Nọ́ọ̀sì ni, ọsibítù kan náà lòun àti Yusrah ti ń ṣiṣẹ́ ní Camberwell, ní London níbí. Ọdún kejì rèé tó ti gba Ìsìláàmù. Wọ́n sọ ọ́ ní Nasrullah ní mọ́sálásí, ṣùgbọ́n Yusrah kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá rẹ̀ ń sin àgùntàn nínú pápá, inú àgọ́ ló ń gbé. Ọkùnrin mẹ́ta ni ìyá náà bí, òun ló kéré jù. Mo ní kí Ọlọ́run dá wọn sí.

Ó fẹ́ fẹ́ Yusrah. Lẹ́yìn yìgì, wọ́n á lọ gbé ní Mọ́ngólíà lọ́hùn-ún. "Two years, Mummy," ni Yusrah wí. "Ká kàn lọ bá family ẹ̀ gbé díẹ̀, then we're back."

Nígbà tí wọ́n lọ, mo dúró lójú wíńdò títí básì fi gbé wọn. Yusrah nìkan ni mo bí. Láti ọjọ́ tí Sàká bàbá rẹ̀ ti kú, ohùn rẹ̀ lórí fóònù ni mo máa ń gbọ́ láàárọ̀ kí n tó mọ̀ pé ilẹ̀ mọ́.

Àtàláátà, 27 Jánúárì

Mo pe Bùọ̀dá Waris ní Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n Sàká ni wọ́n, àwọn ni wọn yóò fa Yusrah fún ọkọ. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, wọ́n húkọ́.

"Àsúmáù, a kì í fọmọ fún ilé tí a ò wádìí. Lọ wádìí wọn, kí o jábọ̀ fún mi kí ọdún ààwẹ̀ tó dé."

Mo ní, "Bùọ̀dá, ọ̀dọ̀ ta ni mo ti fẹ́ wádìí ará Mọ́ngólíà?"

"Ṣebí ìwọ lo wà lọ́hùn-ún."

Lọ́hùn-ún! Bí ẹni pé ẹ̀yìn Queens Road àdúgbò wa ni Mọ́ngólíà wà.

Nílé, ìwádìí kò le. Ìyá ìyá mi á wọ sálúbàtà bí ẹni tó fẹ́ lọ ra iyọ̀, á lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà aládùúgbò àwọn àna, á ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti mọ̀ bóyá wèrè ń bẹ nínú wọn, bóyá wọ́n ń jalè, bóyá ìyàwó ń pẹ́ nínú ilé wọn. Ẹnu ọ̀nà ta ni kí èmi wá lọ jókòó sí ní Peckham?

Sàbíù, 31 Jánúárì

Òjò láti àárọ̀. Mo pàdé Motúnráyọ̀ tó ń gbé lókè wa nínú lífíìtì, mo bi í bóyá ó mọ ará Mọ́ngólíà kankan.

Ó ní, "Àbí àwọn tó ń ta ráìsì díndín nísàlẹ̀ yẹn?"

"Motún, ará China nìyẹn."

"Ó dáa. Ṣé kì í ṣe Mọ́ngólù ni àwọn tó fi ẹṣin jagun gba ayé? Bàbá wọn kan wà báyìí, Jẹ́ngíìsì. Ìyẹn ni kó o lọ wádìí. Orírun wọn nìyẹn."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà mi. Inú ilé ni mo ti rántí pé ní ilé kéú, Ààfáà wa máa ń sọ ìtàn àwọn tó fọ́ Bàgìdádì fún wa, omi á sì máa bọ́ lójú wọn. Mọ́ngólù ni wọ́n. Ẹ̀rín náà tán lẹ́nu mi.

Àtìní, 2 Fẹ́búárì

Mo ya láíbìrì kí shift ọ̀sán tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà, Levi, bá mi wá ìwé mẹ́ta lórí Jẹ́ngíìsì. Ó bi mí bóyá mo ń lọ sílé-ìwé ni. Mo ní rárá, àwọn àna mi ni mò ń wádìí. Ó rẹ́rìn-ín, èmi ò rẹ́rìn-ín. Èyí tó sanra jù nínú wọn ni mo gbé.

Àlàmísì, 5 Fẹ́búárì

Bí Bùọ̀dá Waris bá pè mí lónìí, rárá ni.

Mo kà á nínú básì 36, mo tún kà á nílé Agnes, ìyá arúgbó tí wọ́n gbà mí láti máa wẹ̀ ní Camberwell. Ó ní kí n kà á sókè, tẹlifíṣàn ti sú òun. Ọmọ ọmọ Jẹ́ngíìsì, Húlágù, ló kó ogun wọ Bàgìdádì. Wọ́n pa ènìyàn bí ẹni ń gé koríko. Wọ́n ní ìwé tí wọ́n dà sódò pọ̀ títí omi fi dúdú fún yíǹkì. Wọ́n yí Kálífà, olórí gbogbo Mùsùlùmí ìgbà náà, mọ́ inú kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n jẹ́ kí ẹṣin tẹ̀ ẹ́ pa, torí pé ẹ̀jẹ̀ ọba kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ lójú wọn.

Agnes ní ó kéré tán, wọ́n mọ ìwà hù. Mo ní kó gbé apá sókè kí n fọ abẹ́ ẹ̀.

Èmi, kí n fọmọ fún wọn kẹ̀?

Sàbíù, 7 Fẹ́búárì

Wọ́n wá jẹun. Mo jẹ́ kí Gánbóòdù jẹ dé ìdajì, mo ní, "Kí lo rí sí ọ̀rọ̀ Bàgìdádì?"

Ó fi ṣíbí sílẹ̀. "Mummy, mi ò tíì dé Bàgìdádì rí."

"Mo mọ̀. Àwọn èèyàn yín dé bẹ̀."

Yusrah gbá orí mú. "Mummy! That was like eight hundred years ago, man!"

Mo ní kó dákẹ́, ọ̀rọ̀ àgbà ni. Ṣùgbọ́n ọmọ náà dá mi lóhùn jẹ́jẹ́. Ó ní nílé àwọn, ojú Jẹ́ngíìsì wà lára owó, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ọtí, bàbá gbogbo wọn ni. Ó ní òun ò gbọ́ ti Bàgìdádì dáadáa rí àfi ọjọ́ tí òun gba kálímà wọ Ìsìláàmù ní London níbí. Bàbá arúgbó kan bi í ibi tó ti wá. Nígbà tó sọ ọ́, bàbá náà ní, "Ẹ̀yin lẹ pa Kálífà wa." Lẹ́yìn náà ni bàbá náà gbá a mọ́ra. Ó ní òun sunkún lọ́jọ́ náà, òun ò sì mọ èwo ni òun ń sunkún sí nínú méjèèjì.

Mo fi ẹran kún ti ẹ̀. Ìyẹn kò túmọ̀ sí nǹkan kan o.

Àtàláátà, 10 Fẹ́búárì

Òtútù wọ eegun. Iṣu ọjà Rye Lane ti wọ́n kọjá agbára mi, ọ̀dùnkún ni mo rà.

Opó ni ìyá Jẹ́ngíìsì. Mi ò mọ̀. Wọ́n fún ọkọ rẹ̀ ní májèlé jẹ, ni àwọn mọ̀lẹ́bí ọkọ bá kó ẹran wọn, wọ́n ṣí lọ, wọ́n fi òun àti àwọn ọmọ sílẹ̀ nínú pápá. Ó ń wa gbòǹgbò ewéko nílẹ̀ fi bọ́ wọn. Nígbà tí Sàká kú, àwọn ẹgbẹ́ wa pàápàá wá fún ọjọ́ mẹ́jọ, ogójì ọjọ́ pé, kálukú bá tiẹ̀ lọ. Mo ti ń bú ọmọ opó inú ìwé yìí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo pa ìwé dé, mo jókòó sí ibùdókọ̀ títí 36 méjì fi kọjá mi.

Àlàrùbá, 18 Fẹ́búárì

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Yusrah wá láti Brockley bá mi ṣínu. Ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà. Ó jẹ àkàrà mẹ́fà. Ta ni yóò máa dín in fún un lọ́hùn-ún?

Aláàdì, 22 Fẹ́búárì

Mo pe Ìyá mi ní Abẹ́òkúta. Agó-Ìjàyè ni wọ́n wà, ilé bàbá mi. Mo ka ẹ̀ṣẹ̀ àwọn Mọ́ngólù fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ìlú tí wọ́n jó, ẹrú tí wọ́n kó.

Wọ́n ní, "Ó tán?"

"Ó tán, Ìyá."

"Ìbàdàn ńkọ́?"

Ìjàyè ni orírun wa, Ìbàdàn ló jó o, ìdí nìyẹn tí àwọn bàbá wa fi sá wá sí Abẹ́òkúta. Nígbà tí Sàká wá tọrọ mi, ìyá àgbà ilé wa kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ọmọ Ìbàdàn kan kò gbọdọ̀ mu omi nínú ilé àwọn. Wọ́n ń wo Sàká bí ẹni pé iná ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Sàká yìí náà tí kì í lè pa adìẹ ọdún, tó máa ń sá lọ sí ìta kí n pa á tán! Ìyá mi ló gbè é lẹ́yìn lọ́jọ́ náà.

Wọ́n tún ní lórí fóònù pé, "Ìran jagunjagun wo lọwọ́ ẹ̀ mọ́? Ohun tí wọ́n ṣe lójú ogun lò ń wá kiri. Wádìí ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ilé."

Àárò Sàká sọ mí lónìí, ó sọ mí gan-an. Ibi tó máa ń jókòó sí nínú pálọ̀, mi ò lè wò ó.

Jímọ̀, 27 Fẹ́búárì

Mo gbọ́ràn sí Ìyá mi lẹ́nu. Mo fo ogun, mo lọ síbi tí ìwé ti ń sọ bí wọ́n ṣe ń gbé ilé.

Lọ́dọ̀ wọn, bí àwọn àgbà ọmọ bá ti dàgbà, wọ́n á kó ẹran tiwọn, wọ́n á jáde lọ dá ilé sílẹ̀. Àbígbẹ̀yìn ọkùnrin ni kì í jáde. Òun ló ni àgọ́ bàbá, òun ló ń jókòó ti ààrò, kí iná ìyá òun má bàa kú. Jẹ́ngíìsì pàápàá ṣe bẹ́ẹ̀: ó pín ayé fún àwọn ẹ̀gbọ́n, ó fi ilé sílẹ̀ fún Tólúì, àbíkẹ́yìn ìyáálé rẹ̀. Tiwa yàtọ̀. Dáwódù ló ni ilé, àbígbẹ̀yìn ń lá ìkòkò.

Mo ka ìlà yẹn, mo tún un kà. Ọkùnrin mẹ́ta ni ìyá rẹ̀ bí, òun ló kéré jù. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ fún mi, èmi ní kí Ọlọ́run dá wọn sí.

Kì í ṣe ọdún méjì. Ọmọ mi ń lọ nìyẹn.

Sàbíù, 28 Fẹ́búárì

A ṣínu tán. Mi ò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́. Mo ní, "Gánbóòdù, ta ló wà nídìí iná ìyá ẹ?"

Ó wo Yusrah, ó wo mí. "Kò sẹ́nì kan, Mummy. Bàbá mi ti kú. Ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Kòríà, èkejì wà nílùú ńlá, kò fẹ́ràn ẹran ọ̀sìn."

"Ṣé ọdún méjì lo fẹ́ lò lọ́hùn-ún?"

Yusrah ló fèsì, Yorùbá rẹ̀ ń fọ́ sẹ́nu. "Mummy, kì í ṣe òun. Èmi ni. He told me from day one. Èmi ni mo sọ two years, torí mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún yín."

Mo ní kí wọ́n jẹun, oúnjẹ ń tutù. Mo lọ dúró sí kíṣìnnì, mo ṣí omi kí wọ́n má gbọ́ mi.

Àtàláátà, 3 Máàṣì

Mo ti mọ ohun tí n ó ṣe, ọwọ́ mi kò sì ní hàn níbẹ̀. N ó kó Bàgìdádì lé Bùọ̀dá Waris lọ́wọ́. Àwọn ni wọn yóò fẹnu ara wọn sọ pé rárá. Yusrah á sunkún títí, á sì dúró nítòsí mi.

Mo pè wọ́n, mo jábọ̀. Mi ò fi ohunkóhun sílẹ̀, àfi ti Bẹ́kè, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Húlágù, tó ti di Mùsùlùmí, tó gbógun ti Húlágù lẹ́yìn Bàgìdádì. Ìyẹn ni mo gbé mì. Nígbà tí mo dé orí Kálífà nínú kápẹ́ẹ̀tì, Bùọ̀dá dákẹ́. Mo ní ó ti bọ́ sí i.

"Àsúmáù. Tún un sọ. Wọ́n gun ẹṣin láti ilé wọn, wọ́n jagun dé Bàgìdádì?"

"Wọ́n kọjá ibẹ̀, Bùọ̀dá. Wọ́n gba China, wọ́n gba Rọ́ṣíà."

"Háà! Ọmọ akin! Ilé bí ilé wa ni! Ìbàdàn kì í fọmọ fún ojo. Sàká ì bá wà láyé kó gbọ́ eléyìí!"

"Bùọ̀dá, Kálífà ni wọ́n pa!"

"Ọmọ wọn kọ́ ló wá ń forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run ní Peckham yìí? Kí lo tún fẹ́ kí Ọlọ́run ṣe?"

Mo fẹ́ fi fóònù lu ògiri. Lẹ́yìn náà ni ohùn wọn wálẹ̀. "Èmi gbà. Ìwọ ńkọ́? Bí inú ìyá ò bá gbà á, mi ò ní fa ọmọ fún ẹnikẹ́ni. Sọ̀rọ̀."

Mo ní bátìrì mi ń kú lọ.

Aláàdì, 8 Máàṣì

Mo ro ẹjọ́ Yusrah fún Ìyá mi. Mo ní ọmọ tí mo bí purọ́ fún mi, ó ní ọdún méjì.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà wọ́n. "Ọdún méjì! Àsúmáù, tìẹ ńkọ́? Ní pápá ọkọ̀ òfurufú Ìkẹjà, kí lo sọ fún mi?"

Èmi ni àbígbẹ̀yìn wọn.

Àlàmísì, 12 Máàṣì

Òjò àti oòrùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ Agnes pè é láti Australia. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa bí oòrùn ṣe mú lọ́dọ̀ ọmọ. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, Agnes ní ohùn ọmọ náà ti yí padà, ó ti ń sọ̀rọ̀ bí ará ibẹ̀.

Àwọn Mọ́ngólù ní ibùdó ẹṣin káàkiri ọ̀nà. Olójíṣẹ́ á sáré dé ibùdó kan, wọ́n ti di ẹṣin mìíràn ní gàárì dè é, á tún gbéra, ọ̀rọ̀ ọba á fi ọjọ́ díẹ̀ la ilẹ̀ tí ẹlòmíràn ń fi oṣù rìn. Wáàtsáàpù yá ju ẹṣin lọ. Ṣùgbọ́n kò gbé ènìyàn. Kò lè gbé àkàrà.

Aláàdì, 15 Máàṣì

Ọjọ́ àwọn ìyá. Yusrah gbé òdòdó wá, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo bá ń di irun fún un.

Ó ní, "Mummy, bí ẹ bá ní kí n má lọ, mi ò ní lọ. I mean it. Mi ò ní bínú."

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, ó sì ti wà létè mi. Mo gbọ́ bí inú mi ṣe ń sọ ọ́: má lọ, má lọ, má lọ. Mo gbá orí rẹ̀ mú, mo ní irun rẹ̀ ti gbẹ, kó lọ mú òrí wá.

Jímọ̀, 20 Máàṣì. Ọdún ààwẹ̀

A kírun tán, a padà sílé. Gánbóòdù ní ìyá òun fẹ́ kí mi kú ọdún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe Mùsùlùmí. Ó fi fídíò fóònù pè é; ó ti di ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Obìnrin náà wọ fìlà onírun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pupa fún òtútù, ó jókòó ti sítóòfù onírin láàárín àgọ́, ó ń da nǹkan dúdú sínú iná bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Mi ò gbọ́ èdè rẹ̀, òun náà ò gbọ́ tèmi. Ó kàn ń wò mí, èmi náà ń wò ó.

Ẹnu ìyẹn la wà tí fóònù Ìyá mi fi wọlé láti Abẹ́òkúta. Yusrah so gbogbo wa pọ̀. Ìyá mi wà lẹ́yìnkùlé, nídìí ààrò, ọbẹ̀ ọdún ń hó. Wọ́n sún ojú mọ́ fóònù.

"Kí ni ìyá yẹn ń kó síná?"

Yusrah fi òyìnbó sọ ọ́ fún Gánbóòdù, ìyẹn ní ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ ni.

"Ìgbẹ́! Ẹ bá mi bi í, ṣé ọbẹ̀ ẹ̀ ò rùn?"

Yusrah sọ ọ́, Gánbóòdù túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó lu itan. Òun náà ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rí tiwọn. Ìyá mi yí fóònù sí ìdí ìkòkò. Obìnrin náà sún mọ́ ọn, ó na ìka, ó ka òkúta ààrò, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wéréwéré.

Gánbóòdù ní, "Ó ní kí irin tó dé, òkúta mẹ́ta ni tiwa náà."

Ìyá mi ní, "Ṣebí ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù."

Obìnrin náà gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀, ó fèsì. Gánbóòdù kò tètè túmọ̀. Yusrah ní kó sọ ọ́. Ó ní, "Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé òkúta kan ni bàbá ilé, èkejì ni ìyá ilé, ẹ̀kẹta ni ìyàwó ọmọ. Ìyá mi ní ẹyọ kan ló kù fún òun."

Mo mọ bó ṣe rí láti ku ẹyọ kan.

Ìyá mi ló ní, "Àsúmáù, fi iná tìẹ hàn wọ́n."

Mo gbé fóònù dé kíṣìnnì. Kúkà oníná mànàmáná ni, ó dúdú, ó ń dán, kò sí ohun tó ń jó níbẹ̀. Mo yí ojú fóònù padà sọ́dọ̀ ara mi.

Mo sọ fún Gánbóòdù pé kó sọ fún ìyá rẹ̀ pé Yusrah kì í tètè jí, àti pé kó máa fi ata sí oúnjẹ rẹ̀. Yusrah ló kọ́kọ́ mọ̀ pé mo ti gbà. Ó bú sẹ́kún, ó so mọ́ mi lọ́rùn. Gánbóòdù tún dọ̀bálẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ tún kan tábìlì.

Lórí fóònù, mo rí i tí ọwọ́ kékeré kan ń ti igi bọ abẹ́ ìkòkò Ìyá mi. Mo ní, "Ìyá, ta nìyẹn?"

"Ọmọ ayálégbé wa ni. Òun ló ń bá mi dáná."

Lọ́sàn-án, mo pe Bùọ̀dá Waris. Mo ní mo ti parí ìwádìí, inú mi gbà á, wọn kì í jẹ́ kí iná ìyá wọn kú. Wọ́n ní ṣé ohun tí mo rí nìyẹn. Mo ní òun ni.

Lẹ́yìn náà mo ní kí Yusrah bá mi wo tíkẹ́ẹ̀tì Èkó lórí fóònù rẹ̀, mo fẹ́ lọ sọ́dọ̀ Ìyá mi. Ó nu ojú, ó ń tẹ̀ ẹ́.

"Return, Mummy?"

Mi ò tíì dá a lóhùn.